Káàdì Tí Àbúrò Mi Jókòó Lé Ní Osaka

Bí òwò bá gbé yín dé Jàpáànù, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú káàdì orúkọ.

Ní ọdún 2014, mo sin àbúrò mi lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Osaka, níbi tó ti fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tòkunbọ̀. Wọ́n fi wá sí ìjókòó tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù lọ; ibẹ̀ ni ti àlejò pàtàkì. Ọ̀gá wọn wọlé, ó tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì na káàdì rẹ̀ sí àbúrò mi. Ọwọ́ kan lọmọkùnrin yìí fi gbà á. Kò wò ó, ó tì í bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó sì jókòó lé e! Ọ̀gá náà kò wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà.

Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó ni káàdì ni káàdì náà dúró fún. Wọ́n ń kà á, wọn a sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì títí ìpàdé yóò fi parí. Àwa tí a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ó yẹ kí èyí tètè yé wa.

Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì fún un ní tèmi. Àbúrò mi rí i, ó yọ káàdì náà (ó ti rún), ó kà á, ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Gbogbo ọ̀rọ̀ wa ló ń dáhùn sí pé "hai." Àbúrò mi rò pé ó ti gbà sí iye owó wa. Rárá o! Ògbufọ̀ ní "mo ń gbọ́" lásán ni. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó pè wá, iye tiwọn ni a sì san.