Mo Bú Ọmọ Mi Nítorí Ṣéènì Kẹ̀kẹ́

Bí ọmọ yín bá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ èmi ládàánì yìí.

Mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan fún ọmọ mi ọkùnrin, irú èyí tí irin eléyín méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ́dàlì, ńlá kan àti kékeré kan. Nígbà ọyẹ́, eruku bò ó. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, mo tú u palẹ̀, mo fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, mo sì tò ó padà. Ọmọ náà fẹ́ bá mi di àtùpà mú; mo ní kí ó lọ sùn.

Láti ọjọ́ kejì ni ṣéènì kò ti fẹ́ gun irin ńlá mọ́. Ní ọjọ́ kẹta, bí ọmọ ti ń gun òkè, ṣéènì fò jáde, ó há sí àárín irin náà àti ọ̀pá pẹ́dàlì. Pẹ́dàlì kò yí mọ́, ni ọmọ bá ṣubú. Awọ orúnkún rẹ̀ bó, ẹyin tí ìyá rẹ̀ fi rán an sí oníbàárà sì fọ́ tán. Kí n tó wo egbò rárá, mo ti bú u: aláìbìkítà, tí kì í tọ́jú ohun ìní! Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ mí, n kò gbọ́.

Bàbá tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó rẹ́rìn-ín. "Ááfà, ta ni ó to èyí?" Mo ní èmi ni. Ó wá fi hàn mí. Sọ́ńsó irin kékeré kan wà lára irin ńlá. Ìta ni ó yẹ kí ó kọjú sí, kí ó sì wà lẹ́yìn ọ̀pá pẹ́dàlì gan-an. Òun ni kì í jẹ́ kí ṣéènì há sí àlàfo ibẹ̀. Inú ni mo kọ ọ́ sí! Àwọn ibi tí wọ́n gbẹ́ sí ara irin náà láti máa gbé ṣéènì gòkè, tí ó yẹ kí ó wà nínú, ni mo kọ síta. Ihò bóòtù pàápàá ní ojú: ìta ni kòtò tí orí bóòtù ń wọ̀ máa ń wò lára irin ńlá. Abájọ tí bóòtù fi yọrí síta tí mo sì fi ipá dè é.

Ẹ̀yin ìyá, ojú lásán tó láti fi wo sọ́ńsó yìí, kò gba sípánà. (Kẹ̀kẹ́ olóyìnbó àtijọ́, tí irin eléyín rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, kì í sábà ní in.)

Ní alẹ́, mo pe ọmọ náà. Mo ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi. Foríjì mí."

Ó dọ̀bálẹ̀. "Kò burú, bàbá mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ẹ jẹ́ kí n bá yín di àtùpà mú."