Ọkọ̀ tó Yọ Èéwo ní Jeddah

Èéwo ni lẹ́tà náà fi bẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ tíì kíni tán. Ẹ̀rù ti fẹ́ máa ba Bàbá Káfíńtà, tí wọ́n kọ ọ́ sí ní Ẹ̀pẹ́, pé bóyá ara ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó kọ ọ́ láti Jeddah ni kò yá. Ìgbà tí ọmọ Àǹtí tó ń kà á fún wọn dé ìsàlẹ̀ díẹ̀ ló tó hàn pé ọkọ̀ ojú omi ni èéwo náà yọ sí lára: ọkọ̀ ìgbòkun àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 32 ní gígùn, tí wọ́n fi fáíbà ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ti fà á jáde kúrò nínú omi ní Obhur, lápá àríwá Jeddah, wọ́n gbé e lé orí igi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí sì wà lára àwọn tó ń tún un ṣe fún òyìnbó kan tó fẹ́ fi í rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn.

Àwọn tó bá mọ ilé yẹn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fáíbà ti pẹ́ láàárín Bàbá àti ọmọ náà. Lójú Bàbá, ohun tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ńpà mọ́tò àti táńkì omi kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́ lójú agbami. Igi ni ọkọ̀. Àwọn tó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851 wá sí Ẹ̀pẹ́, tí à ń tìtorí wọn ṣe ọdún Káyókáyó títí dòní, ṣé fáíbà ni wọ́n wọ̀ wá ni? Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní tirẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ fáíbà l'Ékòó, láti ìgbà tó sì ti dé ilẹ̀ Saudi ló ti ń yangàn pé kò sí ẹni tó ń gbẹ́ igi mọ́ láyé. Ìdí nìyí tó fi bẹ̀ wọ́n nínú lẹ́tà yìí pé kí wọ́n má tíì rẹ́rìn-ín o, kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣàlàyé.

Fáíbà kì í jẹrà bí igi, kì í sì í dípẹtà bí irin, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé omi kò lè wọ̀ ọ́. Okùn gíláàsì wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ lé ara wọn, tí wọ́n ń fi résìn rin ín títí yóò fi gan, tí awọ dídán kan á sì bò ó lóde. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ lójú omi, omi á máa jò gba inú awọ dídán yẹn wọlé lọ́nà tí ojú kò lè rí. Níbẹ̀ ló ti máa ń bá àwọn èròjà tí kò gan dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n po résìn pàdé, wọn á di omi kíkan, omi kíkan náà á tún máa fa omi mìíràn mọ́ra, ojú ibẹ̀ á wá wú. Ó ní nígbà tí òun fi ṣóńṣó irin gún èéwo àkọ́kọ́, ńṣe ló tú pẹ̀ẹ́ bá gíláàsì tí òun fi bojú, òórùn rẹ̀ sì dà bí ọtí kíkan. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn kan tó bọ́tìnnì ẹ̀wù, àwọn kan tó ọmọrí ife tíì.

Irú èyí kì í sábà mú ọkọ̀ rì, ìwòsàn rẹ̀ ló ń tán sùúrù àti owó. Wọ́n ní láti bó awọ òde yẹn kúrò pátápátá, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ léraléra, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó fi ẹ́pọ́sì bò ó ní ìpele ìpele. Ọmọ náà ti rò pé ní ilẹ̀ tó gbóná báyìí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan á tó. Ó gbàgbé pé etíkun ni Jeddah wà. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lóru tó ti Ẹ̀pẹ́ lásìkò òjò, bẹ́ẹ̀ òjò kò sì rọ̀. Àgọ́ ni wọ́n wá fi bo ọkọ̀ náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin sínú rẹ̀, ẹ̀rọ yìí sì ń kùn tọ̀sán-tòru.

Ibí gan-an ló ti já ọ̀rọ̀ náà, tó ní kí wọ́n bá òun fi òrí ránṣẹ́, èyí tó dáa, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti po mọ́ òróró. Eruku gíláàsì a máa wọ inú awọ ọwọ́, a sì máa yún èèyàn mọ́jú. Kí wọ́n fi ọṣẹ dúdú tì í. Kò sọ iye, ó mọ̀ pé Àǹtí kì í fi ohun díẹ̀ ránṣẹ́.

Ooru náà ní tiẹ̀. Láti June 15 sí September 15, òfin ilẹ̀ Saudi kò gbà kí òṣìṣẹ́ wà nínú oòrùn láti agogo méjìlá ọ̀sán sí agogo mẹ́ta. Àwọn ará ilé lè rò pé ìsinmi ni. Résìn kì í sinmi ní tiẹ̀: bí èèyàn bá po púpọ̀ sínú abọ́ kan lásìkò yẹn, á máa gbóná fúnra rẹ̀, á rú èéfín, á sì gan mọ́ abọ́ kí búrọ́ọ̀ṣì tó kàn án. Nítorí náà ẹ̀yìn ìrun àárọ̀ ni wọ́n ń po ó, díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó mú inú Bàbá dùn jù nínú lẹ́tà náà wà ní ojú ewé kejì, ọmọ náà sì ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ó fi ìtìjú díẹ̀ kọ ọ́. Igi wà nínú ọkọ̀ fáíbà. Òkè ọkọ̀, níbi tí àwọn atukọ̀ ń rìn, kì í ṣe fáíbà nìkan. Awọ fáíbà méjì ni, igi balsa tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ sì wà láàárín wọn kí ibẹ̀ lè le láìwúwo. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fi síkúrù de nǹkan mọ́lẹ̀ tí wọn kò dí ojú ihò náà dáadáa, omi òjò àti omi iyọ̀ á wọlé, igi náà á sì máa rà nínú òkùnkùn, nígbà tí òde ṣì ń dán. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n, àfi etí. Ọ̀gá ibẹ̀ gbé òòlù kékeré lé e lọ́wọ́ pé kó máa kan án lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó dáa á dún kó, kó, kó. Ibi tó ti rà á dún pò. Ó ní òun kò lo òòlù náà pẹ́ tí òun fi gbé e sílẹ̀, tí òun fi oríkèé ìka ọwọ́ kàn án bí Bàbá ti ń ṣe sí pákó ní ṣọ́ọ̀bù, tí òun sì ń fi ṣọ́ọ̀kì yí ojú ibi tó ti bàjẹ́ po. Nígbà tí wọ́n gé ibi tó kọ́kọ́ yí po, ohun tí wọ́n bá lábẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì rọ̀ bíi pé ọwọ́ lè fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá náà ti ń pè é síbi tí wọ́n bá ti ń ṣiyèméjì. Ìyangàn ni, kò sí irọ́, àmọ́ ó dá ọlá rẹ̀ padà sí ilé tó ti kọ́ ọ.

Àwọn àbùkù yòókù kò gba àyè púpọ̀ nínú lẹ́tà náà. Wáyà tó di òpó ìgbòkun mú, tuntun ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ atukọ̀ kì í fọkàn tán an mọ́ bó bá ti kọjá ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Irin pẹlẹbẹ tí wáyà náà so mọ́ ń dán lójú, ṣùgbọ́n ó ti sán níbi tó ti gba inú òkè ọkọ̀ kọjá, níbi tí omi ti ń há. Táàpù tó wà lẹ́nu àwọn ihò abẹ́ ọkọ̀, idẹ tí síǹkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni ẹnì kan ti fi sí i nígbà kan. Omi òkun ti jẹ síǹkì náà tán, ó sì kán mọ́ wọn lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé lójú omi ló kán ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa kà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òkú ni wọ́n ń tún ṣe, ó rán Bàbá létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1979 nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n ń pè ní Fastnet, láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland. Ọkọ̀ 303 ló gbéra, ìjì líle dé bá wọn, 85 péré ló parí, atukọ̀ 15 sì kú. Nínú ìpele àwọn ọkọ̀ tó kéré jù, ọ̀kan ṣoṣo ló dé ilé: Contessa 32 kan tó ń jẹ́ Assent, fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 32 náà ló sì jẹ́. Ó tún mẹ́nu ba Teddy Seymour, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó gbéra láti erékùṣù St. Croix lọ́dún 1986, tó dá nìkan fi ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 35 yí ayé po, tó gba Panama àti Suez kọjá, tó sì padà délé lọ́dún 1987. Ẹni tó bá máa dé Suez láti ìhà ìlà oòrùn, Òkun Pupa ló máa gbà. Aláwọ̀ dúdú ti kọjá níwájú Jeddah rí, òun nìkan, kò sì sí ẹni tó bá a di ìtọ́kọ̀ mú.

Òkun Pupa yìí gan-an kò jọ ọ̀sà wọn ní Ẹ̀pẹ́. Kò sí odò kan tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ tọdúntọdún, oòrùn sì ń fa omi rẹ̀ lọ, iyọ̀ inú rẹ̀ wá tó nǹkan bí gíráàmù 40 nínú lítà kan, nígbà tí òkun gbogbo ayé wà ní nǹkan bí 35. Òyìnbó náà fẹ́ lọ sí àríwá, sí Suez, ó ju kìlómítà 1,100 lọ, ojú ni afẹ́fẹ́ yóò sì máa fẹ́ sí i fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà. Gúúsù ni ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n láti November 2023 tí àwọn Houthi ní Yemen ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ lápá Bab el-Mandeb, ẹnu òkun náà ní gúúsù, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńláńlá pàápàá ti yí gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Nítorí náà wọ́n ń dì í kalẹ̀ fún ìrìn tó le: sólà, bátìrì, ṣéènì ìdákọ̀ró gígùn, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ omi òkun di omi mímu. Òkúta iyùn wà káàkiri etíkun náà, ó mú bí abẹ, ìgbà tí oòrùn bá wà lókè nìkan ni atukọ̀ máa ń rí i kedere lábẹ́ omi.

Ẹ̀rọ omi yẹn ló gbé e dé ọ̀rọ̀ Shuaybah, Shuaybah ló sì gbé e dé Mẹ́kà. Ìlú etíkun ni, ní gúúsù Jeddah, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń sọ omi òkun di omi mímu fún Mẹ́kà àti Jeddah wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà sì ni èbúté Mẹ́kà kí Kálífà Uthman tó gbé e wá sí Jeddah lọ́dún 647. Nígbà tí ọmọ náà ń lọ sí Mẹ́kà, ó wọ aṣọ úmúrà láti ilé rẹ̀, ó bọ́ sínú rélùwéè Haramain, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2018 tó sì lè sá tó kìlómítà 300 ní wákàtí kan. Àwọn ará ilé á retí kó sọ nípa aago ńlá orí ilé gíga tàbí bí èrò ti pọ̀ tó. Kò sọ ọ́. Ohun tí àfáà kan wí fún un lẹ́yìn ìrun ló gbà á lọ́kàn.

Nígbà tí àwọn Kùréṣì tún Kaaba kọ́, ní nǹkan bí ọdún 605, tí Ànábì kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìránṣẹ́, wọn kò ní igi tí wọ́n máa fi ṣe òrùlé. Ọkọ̀ oníṣòwò Róòmù kan wá fọ́ sí etíkun, ní Jeddah gẹ́gẹ́ bí Ibn Isháàkì ti wí, àwọn mìíràn ní Shuaybah ni. Pákó ọkọ̀ yẹn ni wọ́n lọ kó, káfíńtà kan tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn sì bá wọn fi í bo ilé náà. Ìgbà yẹn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ tí wọ́n fi gbé òkúta dúdú, tí Àfáà Àgbà ní Ẹ̀pẹ́ máa ń sọ ní gbogbo Ramadan. Bàbá ti gbọ́ ti aṣọ àìmọye ìgbà, ti pákó ni wọn kò gbọ́ rí. Ọmọ náà kìlọ̀ pé kí wọ́n má lọ sọ ní mọ́ṣáláṣí pé pákó náà ṣì wà níbẹ̀ o. Wọ́n ti tún ilé náà kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, omíyalé sì tún bà á jẹ́ tí wọ́n fi kọ́ èyí tó wà lónìí ní nǹkan bí ọdún 1630.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹrù. Kí wọ́n fún aládùúgbò tó ń bọ̀ wá ṣe hajj, àmọ́ kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹni náà. Kí wọ́n má fi obì sí i, NAHCON, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ hajj ní Nàìjíríà, a máa kìlọ̀ nípa rẹ̀. Kí wọ́n má fi òògùn ara ríro kankan sí i, ì báà jẹ́ ti Màámi. Wọ́n ṣáà rántí ọmọbìnrin tí wọ́n tì mọ́lé ní ilẹ̀ Saudi nítorí Tramadol tí àwọn oníṣẹ́ ibi fi sínú báàgì tí wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ ní pápákọ̀ òfurufú Kánò ní December 2018. Ó di òpin April 2019 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Kí wọ́n má sì ronú àtifi pákó ìrókò ránṣẹ́, nítorí òfin Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n kó pákó jáde.

Ìmọ̀ ni kí wọ́n fi ránṣẹ́. Òyìnbó náà fẹ́ igi ìdìmú tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, igi tí wọ́n rí rà kò sì gbà láti tẹ̀ bí ara ọkọ̀ ti tẹ̀, ó ti kán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí Bàbá jọ̀ọ́ sọ bí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná tẹ pákó sínú fóònù ọmọ Àǹtí, kó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Kí wọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí òun ní láti tún un sọ ní èdè Lárúbáwá fún ọmọ Yemen tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́.