Eré Lásán Ni Wọ́n Ń Ṣe

Tí òbí bá fẹ́ yin jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ní Kàdúná níbí, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀ gan-an o, ọmọ mi ti ń kọ A dé Z." Tó bá fẹ́ bú u, á ní, "Eré lásán ni wọ́n ń ṣe." Mo ti gbọ́ ọ ní Narayi àti ní Tudun Wada, mo sì gbọ́ ọ nínú kẹ̀kẹ́ Napep láti Kakuri. Èmi náà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí náà etí mi máa ń là sí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Lójú tèmi, ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ti ya ọ̀rọ̀ náà "kọ́" sọ́tọ̀ fún pẹ́ńsù àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ohun yòówù tí ọmọdé bá mọ̀ láìfi ìwé ṣe, a kì í kà á sí ẹ̀kọ́.

Ẹ wo Haúsá. Reluwé àti iṣẹ́ ìjọba ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá wá sí ìlú yìí; àwọn mìíràn tẹ̀lé iléeṣẹ́ aṣọ wá, láti ìgbà tí Kaduna Textiles ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. Kò sí òbí kan nínú wa tó máa sọ pé òun kọ́ ọmọ òun ní Haúsá. Ohun tí a máa ń sọ ni pé "ó gbọ́ Haúsá." Níbo ló ti gbọ́ ọ? Nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ onílé kejì, àti níwájú ẹni tó ń din kósàí (àkàrà), níbi tó ti ń ka "daya, biyu, uku" bí wọ́n ṣe ń kó o sínú bébà. Ó ń ṣì í sọ, wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, ó tún ń sọ ọ́. Kí ó tó pé ọdún márùn-ún, ó ti ń dúnàá-dúrà. Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sanwó rẹ̀ ńkọ́? Kíkà á lórí bí ewì nìkan ló mọ̀. Tí àlejò bá bi í ní ìbéèrè, á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ní jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn obìnrin kan wà tó mọ iṣẹ́ fífi eré kọ́ ọmọ yìí dájú. Wọ́n á da ẹ̀wà sílẹ̀ kí àwọn ọmọ máa ṣà á ní méjì-méjì, wọ́n á pa àlọ́, wọ́n á jẹ́ kí àwọn ọmọ náà tò láti fọwọ́ kí oúnjẹ tó dé. Òbí á wọlé ní ọ̀sán, á ṣí ìwé, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀, ojú á sì le. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì lè di pẹ́ńsù mú dáadáa ti ń kọ 1 dé 50 wálé. Irú obìnrin yìí gan-an, "Àǹtí" ni à ń pè é. Tíṣà wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a bá sì sọ pé ó kàn ń bá wa mú ọmọ, ẹ mọ iye tí a máa san fún un.

Ìjọba náà kò yàtọ̀ sí wa. Lóòótọ́, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ṣáájú ìgbà náà, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò sì bàjẹ́. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní November 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹnu àwa òbí ni wọ́n gbà sọ̀rọ̀.

Àmọ́ kí n má di gbogbo rẹ̀ ru ìjọba. Ní Kàdúná, bí wọ́n bá tilẹ̀ tẹ̀lé ìlànà èdè abínibí yẹn, Haúsá ni yóò jẹ́ èdè àdúgbò. Yorùbá ọmọ wa, ọwọ́ wa ló wà. Báwo la ṣe ń ṣe é? À ń wá kíláàsì Yorùbá fún wọn nígbà họlidé, a tún ń wá ẹni tí yóò "kọ́" wọn! Ọmọ tó gbọ́ Haúsá lẹ́nu oníkósàí yóò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá àti bàbá rẹ̀, bí àwọn yẹn bá ń sọ ọ́ sí i.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá lọ mú ọmọ lọ́sàn-án ọ̀la, ẹ fi ìwé sílẹ̀ ná. Ẹ bi Àǹtí léèrè eré tí wọ́n ṣe, kí ẹ sì san owó rẹ̀ bí owó tíṣà, torí iṣẹ́ tíṣà ló ń ṣe.