Alásè fún Àpèjẹ Ilé-iṣẹ́: Ohun Tí Ìtọ́wò Kò Lè Sọ

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, ṣàṣà ni ilé-iṣẹ́ tí kì í ronú àpèjẹ tí yóò ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ àti oníbàárà rẹ̀. Ní Ṣàpọ́n ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọ́fíìsì, ilé ìfowópamọ́ àti ṣọ́ọ̀bù ti fara kanra, ìròyìn irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tàn. Ọ̀gá yóò dárúkọ iye tí ó fẹ́ ná, wọn yóò mú ọjọ́, iṣẹ́ wíwá alásè yóò sì já lé ẹnì kan léjìká láìròtẹ́lẹ̀. Ní ọ́fíìsì kan, akápò ni ó já lé: obìnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó mọ bí a ṣe ń ṣọ́ owó, ṣùgbọ́n tí kò ṣètò oúnjẹ fún 300 ènìyàn rí.

Kí ó tó di ọjọ́ kejì, alásè mẹ́rin ti fara hàn. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kejì fi àwòrán oúnjẹ tí ń dán ránṣẹ́ lórí WhatsApp, nínú abọ́ tí ó dà bí ti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni kẹta sọ lóhùn jẹ́jẹ́ pé bí iṣẹ́ náà bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun kò ní gbàgbé akápò. Ẹni kẹrin ni ìyá aláfún tí ó ń tajà ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì, tí ó máa ń se àsè ìgbéyàwó àti òkú àgbà ní òpin ọ̀sẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ìyá yìí sí alásè ilé-iṣẹ́, nítorí pé kò ní káàdì.

Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta ni ó rọrùn jù láti yanjú. Owó ẹ̀yìn kì í ti àpò alásè jáde, inú ìkòkò ni ó ti ń jáde. Ẹran ni yóò kọ́kọ́ kéré, òróró yóò tẹ̀ lé e, ẹni tí ó gba owó náà yóò sì jókòó sáàárín èrò, yóò máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn. Akápò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì pè é mọ́.

Àwọn mẹ́ta tí ó kù gbé oúnjẹ wá fún ìtọ́wò, gbogbo rẹ̀ ni ó sì dùn. Àbí ta ni yóò gbé oúnjẹ tí kò dùn wá fi wáṣẹ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń ṣì í nìyí. Ìkòkò tí a fi se ìrẹsì ènìyàn mẹ́fà kò jọ èyí tí yóò bọ́ 300. Nínú ìkòkò ńlá, ìsàlẹ̀ lè máa jóná nígbà tí òkè ṣì le. Iná igi kò sì ṣeé dín kù kíákíá bí ti gáàsì. Ìtọ́wò ń sọ bí oúnjẹ ṣe dùn nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Kò sọ bí yóò ṣe rí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Aago yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Gbọ̀ngàn Àṣà June 12 ní Kútọ̀ ni wọ́n fẹ́ lò, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n sì kọ sínú ìwé ìpè. Gbogbo ẹni tí ó mọ Abẹ́òkúta ni ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Alága lè dé ní aago méjì. Àdúrà, ìkíni àti ọ̀rọ̀ àwọn olóyè yóò tẹ̀ lé e. Oúnjẹ lè má jáde títí di aago mẹ́ta ààbọ̀. Bí ìrẹsì bá ti kúrò lórí iná ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni yóò fi wà nínú kúlà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ lásán ju wákàtí méjì lọ, àti pé èyí tí a bá fẹ́ tọ́jú ní gbígbóná gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 60 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus a máa wà nínú ìrẹsì. Sísè kì í pa á tán, bí ìrẹsì náà bá sì wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìgbà pípẹ́, yóò tu oró tí gbígbé kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè mú kúrò. Bí inú bá wá ń run èrò àpèjẹ, àwọn kan a máa wá ọ̀tá tí ó da nǹkan sí oúnjẹ kiri. Kúlà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè.

Àbúrò ìyàwó ọ̀gá ní òun yóò ti parí gbogbo rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọkàn gbogbo ènìyàn lè balẹ̀. Ìdáhùn náà kọ́kọ́ dùn mọ́ akápò nínú. Ní ti ìyá aláfún, ìbéèrè ni òun ń bi. Ṣé omi wà ní gbọ̀ngàn náà? Níbo ni òun yóò dáná sí? Aago mélòó ni èrò yóò dé ní tòótọ́, yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú ìwé? Ó ní ọbẹ̀ lè tètè dé orí iná, nítorí ó ṣeé tún gbé kaná kí ó hó dáadáa; ìrẹsì ni yóò sọ̀ kẹ́yìn; láfún ni wọn yóò sì máa rò níbẹ̀ bí èrò bá ti ń jókòó. Nínú àwọn yòókù, kò sí ẹni tí ó béèrè omi.

Ọ̀rọ̀ owó tún kù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, ní owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó ju ìdá 40 nínú 100 lọ lé sí ti ọdún tí ó ṣáájú. Alásè tí ó bá dá iye lé oúnjẹ ní oṣù kẹsàn-án, tí ó sì lọ sọ́jà ní oṣù kejìlá, ara ẹran ni yóò ti rí ohun tí yóò fi dí àlàfo náà. Akápò ṣe ìṣirò tirẹ̀: bí kìlógíráàmù ẹran kan bá di ègé 12, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ ègé méjì, 50 kìlógíráàmù ni 300 ènìyàn yóò jẹ. Ìwé ẹni tí ó fi àwòrán ránṣẹ́ ní 30 yóò tó. Ó tún fi ọ̀fadà sí iye kan náà pẹ̀lú ìrẹsì òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ọ̀fadà, tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Ọ̀fàdà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, ní òkúta tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣà, kì í sì í ṣe gbogbo ìrẹsì tí wọ́n dì sínú ewé ni ọ̀fadà.

Ohun tí ó gba akápò lọ́kàn jù kò sí nínú ìwé alásè kankan. Ní ọdún tí ó kọjá, àwọn obìnrin tí ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tí wọ́n ti wà ní gbọ̀ngàn láti aago mẹ́fà àárọ̀, míníráàlì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n mú lọ sílé. Oúnjẹ ti tán. Àwọn ọlọ́dẹ kò tilẹ̀ rí míníráàlì gbà, bẹ́ẹ̀ àjẹkù kún orí tábìlì àwọn ọ̀gá. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé ìpè sí nìkan ni 300 náà. Awakọ̀, onílù, ayàwòrán àti mo-gbọ́-mo-yà kò sí níbẹ̀. Akápò sọ ọ́ di 340. Ọ̀gá bi í pé àwọn wo ni 40 wọ̀nyí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí obìnrin tí ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá buwọ́ lù ú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ gba iṣẹ́ ohun mímu, bí ayé ọ́fíìsì ṣe rí nìyẹn; oúnjẹ bọ́ sọ́wọ́ ìyá aláfún. Wọ́n kọ ìwé àdéhùn: ìdajì owó ní ọjọ́ tí yóò lọ sọ́jà, ìyókù lẹ́yìn tí abọ́ ìkẹyìn bá ti jáde, ìrẹsì kò gbọdọ̀ kúrò lórí iná ṣáájú aago kan ọ̀sán, kúlà àwọn 40 yóò sì ti wà lọ́tọ̀ kí wọ́n tó gbé oúnjẹ lọ sí tábìlì àwọn ọ̀gá.

Ọmọbìnrin ìyá náà ni ó ka ìwé náà sí i létí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n fi ìlà kan kún un kí òun tó tẹ̀ka: bí ọ̀rọ̀ àwọn olóyè bá kọjá aago mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi òun léèrè ìrẹsì.