Òkè Sàró: Igbó Tó Di Ilẹ̀ Mú Létí Òkun

Láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí, etíkun tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ ni. Ti Sàró yàtọ̀. Bí ẹ bá dúró lórí iyanrìn nítòsí Freetown, olú-ìlú wọn, tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun, òkè lẹ máa rí. Igbó bò ó, kùrukùru sì máa ń wé orí rẹ̀ bíi gèlè. Àwọn atukọ̀ Potogí tó gba ibẹ̀ kọjá ní nǹkan bí ọdún 1462 sọ ọ́ ní òkè kìnnìún, ibẹ̀ ni orúkọ Sierra Leone ti wá. Ní 1916, ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba. Ní 2012, ó di ọgbà orílẹ̀-èdè, ìyẹn Western Area Peninsula National Park. Picket Hill tó ga jù níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 mítà.

Òkè yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ òkè náà, bíi Regent, Bathurst àti Hastings, ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ wọn sí. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, “Akú” sì ni wọ́n ń pè wọ́n nítorí bí wọ́n ṣe ń kíni. Bathurst ni wọ́n mú Ajayi Crowther lọ lẹ́yìn tó gúnlẹ̀ ní 1822. Títí dòní, àkàrà ni àwọn Kiriyó ń pe àkàrà, àwùjọ sì ni wọ́n ń pe àsè ìrántí òkú.

Nínú igbó náà ni Tacugama wà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn chimpanzee tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti àwọn tó ń sìn wọ́n nínú ilé. Láti 1995 ni wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ ní 2025, àwọn alábòójútó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àlejò, kí ìjọba lè rí i pé àwọn tó ń gé igbó ti ń sún mọ́ ọgbà wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ẹranko. Ní ìdájí ọjọ́ 14 oṣù August, 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀, ẹrẹ̀ àti òkúta sì bo ilé mọ́lẹ̀ ní Regent. Àwọn tó kú àtàwọn tí wọn ò rí mọ́ lé ní 1,000. Ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n gé igi rẹ̀ láti kọ́lé, gbòǹgbò wo ló máa di ilẹ̀ rẹ̀ mú? Igbó yìí náà ló yí adágún Guma ká, tí èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀rọ Freetown ti ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ìdílé yín lọ, láti December sí April ló dára jù, torí òjò ibẹ̀ kì í ṣeré. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, àmọ́ ẹ mú yẹ́lò káàdì dání. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá Tacugama ti ṣí. Ẹ dé River Number Two, níbi tí odò tó ń bọ̀ láti orí òkè ti ń wọnú òkun lórí iyanrìn funfun. Àwọn ará abúlé ló ń bójú tó etíkun náà, owó tí ẹ bá san ń wọlé fún wọn. Ẹ má sanwó fún ẹni tó so ọ̀bọ mọ́ okùn kí ẹ lè yàwòrán. Ẹ mú bàtà tó di ẹsẹ̀ mú dáadáa, kí ẹ sì gba ẹni tó mọ̀nà kí ẹ tó gun òkè.