Bàtà Tí Mo Rà fún Ọkọ̀ Mi

Fáàrí ló fà á. Mo ti jẹ́wọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bá mi wá àwáwí.

Toyota Corolla ọdún 2004 ni mò ń wà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ náà kò ṣẹ̀ mí. Kì í mu epo lámujù, mẹkáníìkì kì í rí mi lóṣooṣù, bí òjò bá sì sọ títì Èkó di odò, yóò rọra wọ́ ara rẹ̀ kọjá bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ríìmù onírin lásán ló wọ̀, pẹ̀lú ìdérí oníke tí wọ́n fi ń bo ìtìjú rẹ̀, méjì nínú ìdérí mẹ́rin náà sì ti já bọ́ síbi tí n kò mọ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Ní ibi iṣẹ́ wa, ọmọkùnrin kan wà tí mo fi ọdún méjìlá jù lọ. Corolla bíi tèmi ló ń wà, ṣùgbọ́n ríìmù alóyì tó ń dán bí àwo ọjọ́ ìgbéyàwó ló wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà a máa pe ọmọ yìí ní "Ọ̀gá mi." Èmi ńkọ́? "Bọ̀dá oníròyìn." Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún mọ bí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ni.

Nígbà tí àjọ kàn mí ní ọdún 2021, n kò sọ iye tó jẹ́ gan-an fún ìyàwó mi. Mo gba ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn níbẹ̀, ara Camry ni wọ́n ti tú u. Mo ní, "Ṣebí Toyota ni gbogbo wọn?" Ọkùnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alàgbà, ọmọ ìyá kan náà kì í wọ bàtà kan náà." Ó fi tépù hàn mí. Bí ẹ bá fa ìlà róbótó kan tó gba àárín ihò nọ́ọ̀tì márààrún kọjá, fífẹ̀ ìlà náà jẹ́ mìlímítà 100 lára Corolla tèmi, ó sì jẹ́ 114.3 lára Camry. Ihò márùn-ún kò sì ṣe é wọ̀n ní tààrà, nítorí kò sí ihò kan tó dojú kọ èkejì gan-an. Ihò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni wọ́n ń wọ̀n, láti àárín dé àárín. Bí ó bá jẹ́ nǹkan bíi 59, ti Corolla mi ni. Bí ó bá jẹ́ 67, ti Camry ni, kò sì sí àdúrà tí ènìyàn lè gbà sí i.

A wá, a wá, a rí èyí tí ihò rẹ̀ bá tèmi mu. Ìnṣì 17 ni, fífẹ̀ rẹ̀ ìnṣì 7, dúdú lójú, funfun létí. Táyà tòkunbọ̀ ti wà lára rẹ̀, 215/50R17. Mo bi ọkùnrin náà bóyá yóò wọ ọkọ̀ mi. Ó ní, "Yóò wọlé, Alàgbà." Òótọ́ ló sọ, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Bóyá yóò wọlé ni mo bi í. N kò bi í bóyá yóò lè gbé inú ilé náà.

Ó wọlé lóòótọ́. Wọ́n dì í mọ́ ọn lójú mi, mo sì wà á lọ sílé pẹ̀lú gíláàsì tí mo yí sílẹ̀, kí àwọn èrò lè rí mi. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi nìkan ni mò ń wọ ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ tí mo sì ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Kò sí ariwo kankan. Sítíárìn a máa gbọ̀n díẹ̀ bí mo bá ti dé kìlómítà 90, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọ̀nà ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ọ̀gá mi." Kí ni mo tún ń wá?

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni àbúrò ìyá mi kú ní Abẹ́òkúta. Màámi jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin nígbà náà, àbúrò kan ṣoṣo tó kù fún wọn sì nìyẹn. Mo ní èmi ni n ó fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Ìyàwó mi jókòó síwájú, Màámi àti àwọn ọmọ mi méjì wà lẹ́yìn, kúlà oúnjẹ, ìrẹsì àti omi sì kún búùtù débi pé títì ni a ti í kí ó tó padé.

A kò tíì kúrò ní Sángò Ọ̀tà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti já sí kòtò, ó di "ráá." Bí mo bá yà fún kòtò, ó di "ráá."

Màámi ní, "Àkànní, kí ló ń ha bí èèkánná lára páànù lábẹ́ ìdí mi yìí?"

Mo ní, "Ọ̀nà ni, Màámi. Kòtò pọ̀."

Wọ́n dákẹ́ títí a fi kọjá Ifọ̀. Wọ́n wá ní, "Ọ̀nà yìí náà ni dánfó gbé mi gbà lọ́dún tó kọjá. Kò ha."

Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, òórùn rọ́bà tó ń jóná gba inú ọkọ̀, ọmọ mi obìnrin sì bo imú. Ẹ gbọ́ irọ́ tí mo tún pa: mo ní bóyá àwọn kan ń sun táyà nínú igbó.

Màámi ní, "Àkànní, dúró."

Mo dúró. Nígbà tí mo tẹríba wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Etí fẹ́ńdà ti jẹ táyà náà yípo, bí ẹni fi ọ̀bẹ fá a. Níbi tó jinlẹ̀ jù, òwú inú táyà ti yọ síta. Orí táyà yẹn gan-an ni ìyá mi jókòó sí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún náà ti ń gba bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ti òsì ló burú jù.

Fọganáísà kan wà nítòsí, bàbá arúgbó tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn tó ti ya. Wọ́n wo táyà, wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n sì tún wo táyà. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kó ẹrù àwọn ènìyàn yìí sórí èyí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Wọn kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi parí iṣẹ́. Wọ́n fi sípíà, ríìmù onírin àtijọ́ tí mò ń tijú rẹ̀, rọ́pò ti òsì. Sípíà kan ṣoṣo ni mo ní, wọ́n sì ní n kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni sí ẹ̀yìn níwọ̀n ìgbà tí ti ọ̀tún wà bẹ́ẹ̀.

Bí ó ṣe di pé ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi ìsìnkú àbúrò wọn nìyẹn, pẹ̀lú ìyàwó mi, àwọn ọmọ àti kúlà, nígbà tí èmi ń rọra wa ọkọ̀ òfìfo bọ̀ lẹ́yìn wọn. Nígbà tí mo dé Abẹ́òkúta, wọ́n ti ṣe àdúrà tán.

Nígbà tí a padà sí Èkó, mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì mi, ẹni tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n ra ríìmù àtijọ́ kan àti tuntun kan wá sílẹ̀, wọ́n sì da ojú méjèèjì dé. Wọ́n fi pákó gbọọrọ dábùú ẹ̀yìn ríìmù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wọ̀n ún láti ara pákó dé ibi tí ríìmù ti máa ń fara mọ́ họ́ọ̀bù. Ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 128. Ti tuntun jẹ́ 127.

Ẹ̀gbọ́n ní, "O rí i? Apá inú kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ríìmù àtijọ́ fẹ̀ ní ìnṣì 6, èyí fẹ̀ ní ìnṣì 7. Níbo ni ìnṣì kan yẹn wá lọ?"

Mo ní, "Ìta ni."

Wọ́n ní, "Ìta ni o. Ìta náà sì ni etí fẹ́ńdà wà."

Wọ́n wá fi nọ́ńbà tí n kò tilẹ̀ bojú wò lọ́jà hàn mí lẹ́yìn ríìmù náà: ET25. Bí ẹ bá la fífẹ̀ ríìmù sí méjì dọ́gba, bí ẹni la iṣu lóòró, ET ni iye mìlímítà tó wà láàárín ìlà àárín yẹn àti ojú ibi tó ń fara mọ́ họ́ọ̀bù. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe tóbi tó ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò ṣe wọnú tó. Bí ó bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe yọ síta tó. 39 ni ti ríìmù tí ọkọ̀ mi bá wá. Mo ra èyí tó fẹ̀ jù ú lọ, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì kéré sí i. Ohun méjèèjì ló ń ti táyà síta. Bí ó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà náà ló tóbi jù ni, inú ni ìbá ti máa ha, lára ṣọ́ọ̀kì, níbi tí ojú kì í tètè tó.

Ẹ̀gbọ́n kò tíì tán. Nínú 215/50R17, 215 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, 50 jẹ́ pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, 17 sì ni ríìmù tó wọ̀. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, yóò fún yín ní nǹkan bíi mìlímítà 647. Ti àtijọ́, 195/65R15, jẹ́ nǹkan bíi 634. Nítorí náà, táyà tuntun tún fi mìlímítà mẹ́fà sún mọ́ fẹ́ńdà lókè. Nígbà tí èmi nìkan wà nínú ọkọ̀, àyè díẹ̀ ṣì wà. Nígbà tí ènìyàn márùn-ún àti ìrẹsì tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, àyè tán.

Sítíárìn tó ń gbọ̀n ńkọ́? Ihò ńlá àárín ríìmù tuntun jẹ́ 73.1, ti họ́ọ̀bù mi jẹ́ 54.1. Òrùka kan wà tó yẹ kí wọ́n fi dí àárín méjèèjì, kí ríìmù lè jókòó sí ojú ibi tó yẹ. Kò sí òrùka níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà.

Wàyí o, àwọn ọ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn, nítorí kò sí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ọkọ̀ nílùú Èkó. Ẹnì kan ní kí n fi sípésà sí i. Jọ̀wọ́, sípésà a máa ti ẹsẹ̀ síta sí i ni. Inú ló lè gba ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n há rọ́bà sáàárín sípíríǹgì, kí ọkọ̀ lè ga. Ó lè ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìyá mi ni yóò máa san owó rẹ̀. Panẹ́ẹ̀lì bítà kan ní òun yóò fi iná mú etí fẹ́ńdà rọ̀, òun yóò sì ká a wọnú. Iṣẹ́ tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń ṣe ni, n kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dà bá fọ́ níbẹ̀, ìpẹtà yóò rí ẹnu ọ̀nà. Èmi kò lè torí bàtà gé ẹsẹ̀.

Mo dá ríìmù onírin padà sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, mo sì fi í rìn fún oṣù méje. Ẹ̀ṣọ́ dá "Bọ̀dá oníròyìn" mi padà fún mi.

Nígbà tí mo tún rí owó, tí mo sì sọ iye rẹ̀ nílé lọ́tẹ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n bá mi lọ sọ́jà. Ríìmù ìnṣì 16 ni a rà, fífẹ̀ ìnṣì 6 àbọ̀, ET40, pẹ̀lú òrùka àárín rẹ̀. Táyà rẹ̀ jẹ́ 205/55R16, tí òkè dé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 632, ìyẹn ni pé mìlímítà méjì àbọ̀ péré ló fi kéré sí ti àtijọ́. Ó yọ síta ní mìlímítà márùn-ún, ó sì wọnú ní méje. A wo nọ́ńbà ẹrù ara táyà náà, 91, bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. A wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú, nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn àmì DOT: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Nígbà tí mo délé ni mo tó lọ wo ti àwọn táyà tòkunbọ̀ ọjọ́sí. 0612. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ọdún 2012! Mo jókòó sílẹ̀.

Kí Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ kí n lọ, wọ́n fi ẹfun kun èjìká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn mẹ́rin sínú ọkọ̀, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù kan sí búùtù, wọ́n ní kí n máa wà á lọ sórí òkè kékeré ojú títì, kí n rọra já, kí n yí sítíárìn dé òpin lápá òsì, kí n yí i dé òpin lápá ọ̀tún, kí n sì fà á sẹ́yìn. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹfun ṣì wà lára èjìká táyà gbogbo, kò sí ibi tó pa.

Ó ku ríìmù 17 ọ̀hún. Mo gbé e síta fún títà, ọmọkùnrin kan sì wá, inú rẹ̀ dùn, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Corolla bíi tèmi ló ní. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé yóò wọlé?" Ẹ̀yin òǹkàwé mi, owó yẹn wù mí. Mo sọ fún un pé kí ó lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, kí ó kó ọ̀rẹ́ mẹ́rin dání, kí ó sì ra ẹfun bọ̀. Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Kò padà wá.

Wọ́n ṣì wà lọ́dẹ̀dẹ̀ wa di òní. Ìyàwó mi ti gbé pákó lé méjì nínú wọn, ibẹ̀ ló ti ń sá ata.