Ilé Yìnyín àti Ahéré

Nínú èdè àwọn Inuit tí ń gbé ìhà àríwá Kánádà, ọ̀rọ̀ náà ‘iglu’ kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju ilé lọ. Ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe òkúta ni a fi kọ́ ọ, iglu ni. Àwọn àjèjì ni ó sọ ọ́ di orúkọ ilé yìnyín nìkan. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé inú yìnyín ni gbogbo wọn ń gbé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ olótùútù Kánádà àti agbègbè Thule ní Greenland ni ilé yìnyín ti wọ́pọ̀ jù. Láyé àtijọ́, bí ìgbà ooru bá dé, àgọ́ awọ ni wọ́n máa ń pa. Ọdẹ tí ilẹ̀ bá ṣú bá lọ́nà a fi ọ̀bẹ gé yìnyín tí afẹ́fẹ́ ti kì le bí ẹni gé búlọ́ọ̀kù. A tò ó yípo, a sì máa dà á sínú díẹ̀díẹ̀ títí òkè yóò fi pàdé. Ẹnu ọ̀nà a rẹlẹ̀ ju ibùsùn lọ, kí otútù lè dúró nísàlẹ̀, kí ooru ara àti ti fìtílà sì wà lókè.

Ahéré bàbá mi lóko ọ̀nà Ìyìn-Èkìtì kò yàtọ̀ sí èyí. Igi ìtòsí ni òpó rẹ̀, ewé gbòdògì ni òrùlé rẹ̀. A ń bẹ̀rẹ̀ kí a tó wọlé, iná inú rẹ̀ sì ń gbà wá lọ́wọ́ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò pè é ní ilé rí. Ilé, tàbí ‘ulé’ lẹ́nu àwa Èkìtì, wà ní Adó: ògiri amọ̀ nínípọn tí ó yí àgbàlá ká. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa kọ ọ́ sínú àròkọ pé inú ahéré ni àwọn baba ńlá wọn gbé, nítorí pé ìwé òyìnbó fi orúkọ kan ṣoṣo pe ahéré oko àti ilé amọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, ìjọba Kánádà kó ọ̀pọ̀ Inuit lọ sí ilé pákó. Síbẹ̀ iglu ni wọ́n ń pe ilé wọn. Àwa náà ń wó ilé amọ̀ wa. Bí ògiri bá wó, ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ bá a wó.